Mac ni àbí Linux? Ẹ wo flash ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni, Windows 10 ló wà lórí gbogbo wọn. Àwọn ọmọ méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ara wọn ya: ọ̀kan ní kò sóhun tó dà bíi Mac, kọ̀ǹpútà Apple, èkejì ní Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni fáírọ́ọ̀sì kò lè wọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Bàbá Ṣẹ́gun

ÌDÁHÙN: Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ kú ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ bi ọmọ tó ń ki Mac pé ṣé ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Lórí Mac tó ń lo High Sierra, ètò tí Apple gbé jáde lọ́dún yẹn, èèyàn á kàn kọ "root", orúkọ ọ̀gá tó lè ṣe ohun gbogbo lórí kọ̀ǹpútà, síbi orúkọ, á fi àyè password sílẹ̀ lófìfo, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Ọjọ́ kejì tí ariwo ta ni Apple dí ihò náà.

Kí oní-Linux náà má tíì rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí olè lè gbà wọlé pamọ́ sínú xz, ètò kékeré kan tí ọ̀pọ̀ Linux gbára lé. Ó ti lé lọ́dún méjì tí onítọ̀hún ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, tó ń ṣe bí ọmọ dáadáa. Andres Freund ló tú àṣírí rẹ̀, nítorí ìwọlé sórí kọ̀ǹpútà kan tó fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Òṣìṣẹ́ Microsoft, àwọn tó ni Windows, sì ni Freund o! Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé gbangba ni wọ́n ti ń kọ Linux, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò, níbo ni ìbá ti rí i? Ìdí tí mo fi gbè sẹ́yìn Linux díẹ̀ nìyẹn.

Ní tiyín, flash ni mo bẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó projẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé, ẹ ó rí fódà tó ní ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́: shortcut ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí Windows, ó ràn. Nígbà tí mo ṣì ń tẹ̀wé n'Íbàdàn, ẹkún ni ọmọbìnrin kan fi bọnu lójú mi, pé iṣẹ́ òun ti pòórá. Mo ki flash náà bọ laptop Linux àlòkù kan. Gbogbo fódà rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Windows ni fáírọ́ọ̀sì sọ fún pé kó fi wọ́n pamọ́. Linux kò gbọ́ èdè yẹn.

Torí náà, ẹ fi Linux Mint, ọ̀kan lára oríṣi Linux, sórí kọ̀ǹpútà kan, kí gbogbo flash kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Ẹ má kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, nítorí CorelDRAW tí ẹ fi ń ṣe káàdì ìpè kò sí fún un. Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Èyí tó bá lè gba Windows 11 nínú mẹ́ta yòókù, ẹ fi sí i; èyí tí kò bá lè gbà á, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, kó máa tẹ̀wé lọ.

Mac? Owó rẹ̀ á ra jẹnẹrétọ̀ tuntun fún yín.