Ògiri alámọ̀ àti sìmẹ́ǹtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ tún gbọ̀ngàn alámọ̀ abúlé wa lẹ́bàá Abẹ́òkúta ṣe de Ọdún Lísàbí. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ń ṣí bọ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ gbẹ, ògiri á rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dí òrùlé tó ń jò, kẹ́ ẹ tó ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò. Ẹ po òṣùwọ̀n ilẹ̀pa méjì mọ́ òṣùwọ̀n yanrìn kan àti koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, kó rin fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi rẹ́ ibi kékeré wò: bó bá sán, ẹ fi yanrìn kún un; bó bá ń rún dànù, ilẹ̀pa ló kéré. Ẹ wọ́n omi sógiri kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ. Àwọn ìyá àgbà ló mọ iṣẹ́ yìí jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ káwọn ọmọge kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn.