Aago “go off”, iná náà “go off”: èwo ló dún, èwo ló kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àbúrò mi tó wà ní London kọ̀wé sí mi pé òun pẹ́ dé ibi iṣẹ́ torí “my alarm didn't go off”. Ohun tó yé mi ni pé aago náà ń dún ṣáá, kò dákẹ́. Báwo loorun ṣe wá gbé e lọ?

Ìdáhùn: Aago yẹn ò dún rárá ni. “Off” tiwa ní Nàìjíríà ló kó bá yín. Láti kékeré la ti ń gbọ́ “off the light”, “off the gen”, débi pé bí “off” bá ti wọ etí wa, nǹkan tó kú la máa ń rò. Àwọn òyìnbó kì í sábà sọ ọ́ báyẹn. “Turn off” tàbí “switch off” ni tiwọn.

Mo fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun kí n tó wá gbájú mọ́ káńpálà níbí, ní Ìtòkú. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ọmọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí nǹkan náà ṣe wà tẹ́lẹ̀. “Go off” ni pé ó kúrò bẹ́ẹ̀. Aago dákẹ́ tẹ́lẹ̀, ó wá ké. Iná ń tàn tẹ́lẹ̀, ó wá kú. “Iná ti lọ” tiwa ò jìnnà sí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé fóònù lé orí ìdì aṣọ, mo ti yí aago rẹ̀ sí agogo méje kí n lè rántí ká àdìrẹ tí mo sá sẹ́yìnkùlé. Àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ, tí aago náà sì figbe ta nínú òkùnkùn. “The light went off” nìyẹn, “the alarm went off” náà nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan náà!

Ti aago náà ni ti ìbọn àti bọ́ǹbù. “The gun went off”: ìbọn dún. Ẹ ṣọ́ ẹni tó bá ń sọ ọ́ o, torí kò dárúkọ ẹni tó yìn ín.

Wàrà tó bá “go off” ti kan nìyẹn, bí ẹ̀wà àná tí a ò gbé kaná. Àwọn ará Bìrìtìkó ló ń sọ èyí jù. “Gone bad” ló wọ́pọ̀ lẹ́nu ará Amẹ́ríkà. Ẹni tó “went off to Lagos” gba Èkó lọ ni. “I've gone off rice” sì rèé, ìrẹsì ti sú mi.

Bí ẹ bá máa fèsì, ẹ kọ “Did you set it?”, ìyẹn ni pé ṣé ó yí aago náà sí àkókò tó fẹ́ jí. Ẹ má fi “off” kún un: ẹni tó bá “set off” aago, òun ló mú kó dún.