Ẹ yí agbára òòfà padà kí ẹ tó pè é ní magnon

Ẹ gbé bọ́ọ̀lù YIG, kírísítálì kékeré tí òòfà ń fà, sínú àpótí bàbà, ẹ rí kòtò méjì, ibi tí ìlà ti rì wálẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 10 GHz lórí VNA, ẹ̀rọ tó ń wọn makirowéèfù, ẹ wá ń béèrè bóyá kúáńtọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ti sọ fún gbogbo lábù, mo sì padà wá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo kòtò kejì, tí mo ń pè é ní magnon, ìyẹn ìgbì òòfà inú bọ́ọ̀lù náà. Àṣé wáyà ni! Nọ́ọ̀tì kan tó so wáyà mọ́ ẹ̀yìn àpótí ni kò le dáadáa. Makirowéèfù ń dé ibẹ̀, ó ń ta padà, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ wá ń kọlu ara wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, apá mi ṣèèṣì kan wáyà, kòtò náà sún lójú mi kòró. Mo fi ìka tì í, ó tún sún. N ò fọwọ́ kan òòfà rárá. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ìgbà mẹ́rin ni mo ti pè é. “Tún calibration ṣe,” ìyẹn ni pé kí n tún ìwọ̀n VNA tò, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí sí. Kò fìgbà kan dìde wá wo nọ́ọ̀tì. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ wá sípánà tó máa ń dún kọ̀ tí nọ́ọ̀tì bá ti le tó, ẹ má fi ọwọ́ lásán dè é.

Ẹ wá yí agbára òòfà padà díẹ̀díẹ̀. Magnon á máa tẹ̀lé e, 28 MHz fún mílítẹ́sílà (mT) kọ̀ọ̀kan. Ti wáyà ò ní kúrò lójú kan. Wáyà mítà kan máa ń fi nǹkan bí 100 MHz sáàárín kòtò kan sí èkejì, ẹ lè fi ìyẹn mọ èyí tó ń dà yín láàmú.

Ẹ jẹ́ kí gúlù tó di bọ́ọ̀lù mú gbẹ pátápátá o. Bọ́ọ̀lù tèmi ò ju ìdajì mílímítà lọ, òòfà ń yí i nínú gúlù tútù, ìlà mi wá ń yẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má sì lo àpótí alumíníọ̀mù nínú òtútù líle: tó bá ti di superconductor, tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́, nǹkan bí 10 mT péré ti tó láti bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin nílò nǹkan bí 360 mT. Ẹ dín agbára makirowéèfù kù ní 10 dB, kó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ìrísí kòtò bá yí padà, ó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ìbéèrè yín. Bí ìlà méjì, ti àpótí àti ti magnon, bá tiẹ̀ súnmọ́ra tí wọ́n kọ̀ láti kọjá ara wọn, sípíríǹgì méjì tí a so pọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdè tó lágbára nìyẹn, kúáńtọ́ọ̀mù kọ́. Ní 300 K (kélífìn), bí inú yàrá lásán, ooru nìkan ti kó fótọ́ọ̀nù, ẹyọ agbára makirowéèfù, bíi 600 sínú àpótí yín. Ní 4 K, ó ṣì ku bíi mẹ́jọ. Àfi kí ẹ sọ̀kalẹ̀ dé mílíkélífìn, kí ẹ sì fi attenuator, ohun tó ń dín agbára kù, sórí wáyà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ooru òkè má baà gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó nílò qubit, ohun èlò kúáńtọ́ọ̀mù oní-ipò méjì. Òun ni ẹgbẹ́ olùwádìí Nakamura ní Tókíò so mọ́ bọ́ọ̀lù YIG ní 2015.