Ṣé Karl Marx fúnra rẹ̀ ló pe ìmọ̀ rẹ̀ ní "dialectical materialism"?

Rárá o. Marx kò lo orúkọ yẹn rí. Ó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹta ọdún 1883. Ọdún 1887 ni Joseph Dietzgen, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣe iṣẹ́ awọ, lò ó, Plekhanov ará Rọ́ṣíà náà sì mú un lò láti 1891. Ìjọba Stalin ní Soviet Union ló wá sọ ọ́ di ohun tí àwọn ọmọ iléèwé ibẹ̀ ń há sórí nígbà náà.

Èyí tó jẹ́ ti Marx ni dialectics, ọ̀nà ìrònú tó kọ́ lára Hegel, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ Jámánì: kò sí ohun tó dúró sójú kan, ìjà tó wà nínú nǹkan ló ń yí i padà. Ṣùgbọ́n Hegel gbà pé èrò ló ń darí ayé. Marx ní bí ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹun ló ń bí èrò; èyí ni wọ́n ń pè ní "materialism". Nínú àfikún ọ̀rọ̀ tó kọ sí ìwé rẹ̀ Das Kapital ní 1873, ó ní ńṣe ni dialectics Hegel forí dúró, àfi kí a dá a padà sórí ẹsẹ̀. Ẹ wo ìjà inú nǹkan yẹn ní ilé-iṣẹ́ ńlá: ọ̀gá kó òṣìṣẹ́ jọ kó lè jèrè, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mọ ara wọn tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ tó ń bá a jà sílẹ̀.