Wọ́n tún jìtá mi ṣe, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, mo sì ń ta jìtá ní ìjọ wa. Jìtá onígi tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń lò, okùn irin ló wà lára rẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni okùn rẹ̀ ti ń ga sí i, débi pé ìka á ti máa ta mí kí a tó kọ orin kan tán. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò tí wọ́n ti ń tún ohun èlò orin ṣe. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò ó fìrí, ó ní kí n padà wá lọ́la. Nígbà tí mo gbà á, okùn ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Mo gbé e padà. Ó fi L-key yí nǹkan kan lọ́rùn rẹ̀, ó yí i po bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kíkùn náà sì tún le sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, bíríìjì, ìyẹn pákó tí ìdí okùn so mọ́, ṣí kúrò láyà rẹ̀. Ó da sùpá gúlù sí i, ó ní kò ní ṣí mọ́ láéláé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í là lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sanwó. Ṣé jìtá yìí ṣì lè yè? Ṣé kí n tún gbé e lọ bá a? Ogún bàbá mi ni, ọ̀gá.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, kí o tó ka èyí tó kù, gbé jìtá náà wá, kí o dẹ okùn rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí wọn yóò fi rọ̀. Má ṣe fi nǹkan já wọn lójijì, yí wọn díẹ̀díẹ̀ ni. Okùn irin mẹ́fà tí a bá fà dé ohùn tó yẹ ń fi agbára tó tó nǹkan bíi kílò 70 fa bíríìjì. Odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. O rí i pé ohun tó ń fa bíríìjì rẹ tọ̀sán-tòru ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, ojú ibi tó sì ti là yẹn kò lè gbà á. Bó bá já lójijì, ó lè bó awẹ́ igi àyà jìtá dání. Bíríìjì tó ṣí ní wọ́ọ́rọ́wọ́, a ó lẹ̀ ẹ́ padà. Àyà jìtá tó ti fà ya, ìyẹn iṣẹ́ mìíràn ni, owó rẹ̀ náà sì yàtọ̀.

Ó lè yè. Mo sọ ọ́ láìṣiyèméjì, nítorí nínú gbogbo ohun tí o kọ, méjì péré ni ohun tí ọkùnrin yẹn ti gé tí kò ṣeé so padà, eegun kékeré sì ni méjèèjì, a lè gbẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n má gbé e padà lọ bá a.

Bí mo ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn nìyí. Okùn jìtá kì í dédé ga. Ó lè jẹ́ pé ọrùn jìtá ti tẹ̀ síwájú, ó lè jẹ́ pé àyà rẹ̀ ti wú nítorí òjò àti ọ̀rinrin, ó sì lè jẹ́ pé bíríìjì ti ń ṣí lẹ́yìn, tó sì ń gbé okùn dìde. Tìrẹ, èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fura sí. Bíríìjì tí nǹkan kan kò ṣe kì í ṣí láàárín ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé wọ́n sọ okùn kalẹ̀. Ó ti ń ṣí láti oṣù mẹ́ta yẹn. Bi ara rẹ léèrè bóyá o máa ń fi í sínú mọ́tò nígbà tí ìsìn bá parí, tí o sì ń lọ sí ibòmíràn. Inú mọ́tò tí a tì sínú oòrùn ọ̀sán máa ń gbóná débi tí gúlù á fi rọ̀, gúlù tó bá sì rọ̀ nígbà tí kílò 70 ń fà á, yóò yọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn olórin pé kí wọ́n gbé jìtá wọlé pẹ̀lú ara wọn, kódà bí wọ́n bá fẹ́ ra búrẹ́dì lásán.

Ohun tó yẹ kí ọkùnrin yẹn ṣe kí ó tó gbé fáìlì kò ju kí ó mú bébà pélébé kan, kí ó fi ti ẹ̀yìn bíríìjì. Bí bébà bá wọlé, ọ̀rọ̀ ti yé e. Kò béèrè ìdí tí okùn fi ga, gígé ló kọ́kọ́ gé. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ìyókù kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Wo ohun tí ó gé. Lórí bíríìjì, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí okùn gùn lé, sádù là ń pè é. Lókè ọrùn, níbi tí okùn ti ń lọ sí orí jìtá, eegun kékeré mìíràn tó ní ihò mẹ́fà wà níbẹ̀, òun ni nọ́ọ̀tì. Fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá, nọ́ọ̀tì la ti ń kà wọ́n. A máa ń wọn gíga okùn lójú fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Fún jìtá bíi tìrẹ, bí okùn tó nípọn jù bá fi nǹkan bíi mílímítà 2.5 ga sí fírẹ́ẹ̀tì yẹn, tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù sì fi bíi 2 ga, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló máa bá lára mu. Fírẹ́ẹ̀tì kejìlá sì wà ní àárín gbùngbùn láti nọ́ọ̀tì dé sádù. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kí okùn fi mílímítà kan lọ sílẹ̀ níbẹ̀, mílímítà méjì ni o máa gé lára sádù. Ẹni tí kò mọ èyí á gé díẹ̀, á rí i pé okùn kò lọ sílẹ̀ tó bó ṣe rò, á bínú, á tún wá dojú kọ nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì kò sì gba bẹ́ẹ̀. Ihò rẹ̀ tí a bá fi jìn ju bó ṣe yẹ lọ, kódà ní ìwọ̀n irun orí méjì mẹ́ta, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbá fírẹ́ẹ̀tì kìíní nígbà tí a bá ta á láìtẹ nǹkan kan. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa kùn.

Ti L-key, ohun tí ó yí ni truss rod, ọ̀pá irin tó wà nínú igi ọrùn láti orí dé ìdí. Okùn ń fa ọrùn síwájú, ọ̀pá náà ń fà á sẹ́yìn, kí ọrùn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, kí ìtẹ̀ kékeré kan ṣoṣo ṣẹ́ kù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà. Kì í ṣe ohun tí a fi ń wo kíkùn sàn bí a kò bá mọ ohun tó ń kùn. Nígbà tí ó sì fún un, ọrùn tẹ̀ sẹ́yìn, okùn wá sún mọ́ fírẹ́ẹ̀tì sí i. Ó yẹ kó burú sí i, ó sì burú. Èmi kì í yí i ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì máa ń fi igi sílẹ̀ kó sinmi kí n tó tún wọ̀n ọ́n. Yíyí mẹ́ta gbáko! Àyà mi já nígbà tí mo kà á. Nísinsìnyí tí o ti dẹ okùn, fi L-key náà yí i padà sápá òsì ní ìdajì yíyí kan, kí ọrùn lè mí. Bó bá le, má fi agbára ṣe é; fi sílẹ̀, kí o sọ fún ẹni tí yóò tún un ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí i.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sùpá gúlù ló máa dùn ọ́ jù, nítorí pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò ní ṣí mọ́. Sùpá gúlù kì í ṣe ohun búburú. Èmi gan-an ń lò ó: bí ihò nọ́ọ̀tì bá jìn jù díẹ̀, mo lè bu ìyẹ̀fun eegun sínú rẹ̀, kí n kán an lé e, kí n tún ihò náà gbẹ́, ó sì lè gbé oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá gbẹ, ó máa ń gan bíi dígí ni. Bíríìjì ń mì, ó ń fà, ooru ń mú un, kò sì lè fara mọ́ ọn. Èyí tó burú jù ni pé orí fánííṣì ló ṣeé ṣe kó dà á sí, lórí èérún gúlù àtijọ́. Gúlù tó wà lórí fánííṣì, fánííṣì ló dì mú, kò di igi mú.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á fi ooru yọ bíríìjì kúrò pátápátá, pẹ̀lú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú, láìkánjú. Á fá gbogbo sùpá gúlù kúrò títí igi gidi á fi hàn, lára bíríìjì àti láyà jìtá. Bí o bá rí i tó gbé acetone, dá a dúró: yóò yọ sùpá gúlù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ fánííṣì àyà jìtá bàbá rẹ àti ike tó yí etí rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà, gúlù igi, ìyẹn gúlù tí a fi ń kan àga àti tábìlì ṣùgbọ́n tó jẹ́ ojúlówó, kó fi kílám̀pù dì í mú, kó sì dúró di wákàtí 24 kí okùn kankan tó fà á. Kó tó fún kílám̀pù, kó wọn ọ̀nà: láti nọ́ọ̀tì dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, àti láti ibẹ̀ dé sádù. Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àfi pé ti sádù á fi mílímítà bíi kan sí mẹ́ta gùn jù, èyí tó pọ̀ jù sì wà lápá okùn tó nípọn. Bí ó bá lẹ̀ ẹ́ síbi tí kò yẹ, jìtá á dúró dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní dún dáadáa mọ́ bí o bá ti ń gòkè lọ́rùn rẹ̀. Irú jìtá bẹ́ẹ̀ ń fìyà jẹ akọrin, ẹni tó ń ta á á sì rò pé etí òun ni kò dára.

Lẹ́yìn bíríìjì, ọrùn ni. Lẹ́yìn ọrùn, nọ́ọ̀tì. Sádù ló kẹ́yìn. Ètò yìí kò ṣeé yí padà, nítorí èyí tó ṣáájú ló ń sọ bí èyí tó tẹ̀ lé e ṣe máa ga tó.

Eegun tuntun kò wọ́n. Eegun itan màlúù láti ọ̀dọ̀ alápatà ni èmi ń lò fún nọ́ọ̀tì àti sádù. Mo máa ń sè é kí ọ̀rá inú rẹ̀ jáde, mo fọ̀ ọ́, mo sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí n tó gé e. Ó ń dún ju ike tí wọ́n ń fi sára jìtá olówó pọ́ọ́kú lọ, mo sì fẹ́ràn bó ṣe ń dán lábẹ́ sáńdípépà.

Bí o bá ń wá ẹlòmíràn, má wo bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe tóbi tó. Láti ìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti mú jìtá oníná wọ inú jùjú ní 1949, àwọn tó ń tún rédíò ṣe àti àwọn káfíńtà ló gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí rù nílẹ̀ wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí wáyà inú jìtá oníná bá já, gbé e lọ fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ọkàn rẹ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn àti bíríìjì ń béèrè ẹni tó ń wọ̀n kó tó gé. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Kí ló fà á tí okùn fi ga?" Bó bá mú rúlà jáde kó tó dá ọ lóhùn, jókòó. Bó bá jẹ́ fáìlì ló mú, máa lọ ilé. Kí o sì rí i pé okùn tó wà fún irú jìtá rẹ ló fi sí i. Ọ̀pọ̀ jìtá onínáílọ́ọ̀nù ni mo ti rí tí wọ́n fi okùn irin sí, tí àyà rẹ̀ sì dìde, torí kò sí ohun tó lè gba fífà bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti owó rẹ, padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣùgbọ́n má gbé jìtá náà lé wọn lọ́wọ́. Ya fọ́tò ojú ibi tó là, nọ́ọ̀tì àti sádù náà, kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan án. Mú àgbàlagbà kan dání, kí ẹ lọ ní pẹ̀lẹ́, kí o béèrè owó tí o san, nítorí iṣẹ́ tí o torí rẹ̀ san án kò wáyé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 láti dáàbò bo oníbàárà sọ pé ẹni tó bá gba nǹkan ẹni láti ṣiṣẹ́ lé e lórí gbọ́dọ̀ dá a padà ní ipò tí kò burú ju bó ṣe gbà á lọ, àjọ FCCPC ni a sì ń fẹjọ́ sùn. Èmi á kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ ẹnu àti àgbàlagbà yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà má mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe, kó sì jẹ́ pé bí ọ̀gá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Bí o bá ti wà níbẹ̀, béèrè bóyá eegun kankan tó yọ kúrò lára jìtá rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí sádù àtijọ́ bá wà, kódà kó jẹ́ ààbọ̀, gbà á, kí o wé e sínú bébà, kí o fún ẹni tí yóò gbẹ́ tuntun. Yóò fi wọn bí tuntun ṣe máa nípọn tó àti bí orí rẹ̀ ṣe máa tẹ̀, kí ọwọ́ rẹ lè bá jìtá náà bí bàbá rẹ ṣe fi sílẹ̀.