Ẹ̀yìn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí ẹ tó wo báàgì

Ẹ kú ìmúra ìrìn o. Ẹ ní ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Appalachian Trail, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ gígùn tó gba orí òkè láti Georgia dé Maine ní Amẹ́ríkà, láti Georgia lóṣù kẹta, pé ẹrù yín tó kílò méje láìka báàgì, oúnjẹ àti omi, àti pé ẹnìkan ti gbà yín níyànjú kí ẹ ra báàgì onílíítà 40 tí kò ní irin lẹ́yìn, èyí tó wọn gíráàmù 450 péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Báàgì dáadáa ni, àmọ́ ẹrù tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn kọjá agbára rẹ̀, èjìká yín ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé báàgì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ẹ kó àgọ́, àpò ìsùn, ẹní, sítóòfù, aṣọ òtútù, iná orí àti oògùn jọ sílẹ̀, kí ẹ wọn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun nínú ilé ìdáná ni kí ẹ lò. Òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn láti wọn ara rẹ̀ kò lè rí ọ̀bẹ oní-gíráàmù 80, díẹ̀ díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀, ṣáájà kejì, ìgò ìpara tó kún àti ṣòkòtò kẹta ló ń para pọ̀ di kílò kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ọjọ́ tí ẹrù yín máa wúwo jù. Ọjọ́ yẹn la fi ń yan báàgì. Láti orí Springer Mountain, níbi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀, dé Neel Gap, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wà, tó kìlómítà 50, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le á sì lo bí ọjọ́ mẹ́rin. Oúnjẹ òòjọ́ máa ń wà láàárín gíráàmù 700 sí 900. Tí a bá mú 800, ọjọ́ mẹ́rin di kílò 3.2. Omi líítà kan àbọ̀ jẹ́ kílò 1.5. Gáàsì gíráàmù 230, tí a bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú agolo rẹ̀, sún mọ́ gíráàmù 400. Ọ̀rọ̀ béárì náà tún wà níbẹ̀: láàárín Jarrard Gap sí Neel Gap, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, òfin ni pé ẹni tó bá máa sùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó oúnjẹ rẹ̀ sínú agolo líle tí béárì kò lè ṣí. BearVault BV500 tí ọ̀pọ̀ ń gbé wọn nǹkan bíi kílò 1.2 lófìfo. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ kílò méje yín, ó di kílò 13.3, ẹ ò sì tíì ka báàgì fúnra rẹ̀.

Báàgì tí kò ní irin lẹ́yìn kì í fẹ́ ju kílò mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lọ. Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹ wo ìyá tó mọ ọmọ pọ̀n. Ọmọ kì í so rọ̀ mọ́ ọn léjìká: ìbàdí ìyá ló jókòó lé, ọ̀já sì fún un mọ́ra nídìí. Bí ọ̀já bá dẹ̀ tí ọmọ yọ̀ sísàlẹ̀, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú, ọrùn á máa ro ó, kò sì ní pẹ́ kó tó dúró tún un pọ̀n. Bẹ́lítì ìbàdí ni ọ̀já báàgì. Ṣùgbọ́n ìwúwo tó wà lókè gbọ́dọ̀ rí ohun líle gbà sọ̀kalẹ̀ dé orí bẹ́lítì yẹn, iṣẹ́ tí ọ̀pá alumíníọ́mù tó wà lẹ́yìn báàgì ń ṣe nìyẹn. Níbi tí kò bá ti sí ọ̀pá, ẹní fóòmù tí a ká sẹ́yìn àti bí a ṣe di ẹrù ló ń dúró bí egungun fún un. Èyí tó fún kílò mẹ́jọ. Tó bá di kílò 13, ẹ̀yìn báàgì á ká wálẹ̀ bí àpò gàrí tí kò kún tí wọ́n gbé nàró, bẹ́lítì á wà níbẹ̀ lásán, gbogbo ẹrù á sì padà sórí èjìká.

Ọ̀nà kan wà láti rí i pẹ̀lú ojú ara yín. Ẹ fi téèpù wọn báàgì lófìfo, láti ibi tí okùn èjìká ti bẹ̀rẹ̀ dé àárín bẹ́lítì ìbàdí. Ẹ di ẹrù ọjọ́ tó wúwo jù sínú rẹ̀, ẹ gbé e kọ́, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹnìkan sì tún un wọ̀n lẹ́yìn yín. Bó bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta kúrú sí ti tẹ́lẹ̀, ẹrù ti borí báàgì. Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi ìrọ̀rí tàbí bọ́ọ̀lù bébà kún un fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kó wá ní ó bá yín mu. Ẹ gbé ẹrù tiyín lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí báàgì oní-kílò 1.1 tó bá ẹ̀yìn mu fúyẹ́ lára ju oní-gíráàmù 450 tí kò bá a mu lọ. Gíga yín kọ́ ni wọ́n fi ń yan nọ́ńbà báàgì. Ẹni gíga wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Ẹ tẹrí ba, ẹ fọwọ́ wá egungun tó yọ gọngọ nísàlẹ̀ ọrùn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni téèpù ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, kí ìka wà níwájú, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi kan etí òkè egungun ìbàdí. Ẹ fojú inú fa ìlà láti àtàǹpàkò kan sí ìkejì. Ibi tí ìlà náà ti gé ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá ni téèpù parí sí. Ẹlòmíràn ni kó bá yín wọ̀n ọ́n, torí ẹni tó ń na ọwọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀ á tẹ̀, iye á sì yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń pe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48 ní àárín-méjì, èyí tó dín jẹ́ kékeré, èyí tó lé jẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ẹ wo àtẹ tiwọn, torí wọn kì í bára wọn mu.

Bẹ́lítì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ yí téèpù ká orí egungun ìbàdí. Nọ́ńbà ṣòkòtò yín kò wúlò níbí, torí abẹ́ ibẹ̀ ni ṣòkòtò máa ń wà. Bí ẹ bá dè é tán, kí àlàfo tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ó kéré tán wà láàárín fóòmù ọ̀tún àti ti òsì níwájú ikùn. Ẹni tó ń rin kìlómítà 25 lójoojúmọ́ á fọn. Bí fóòmù méjèèjì bá ti fẹ́ẹ́ kanra ní Georgia, nígbà tí ẹ bá fi dé Virginia, kò ní sí ohun tí ẹ ó fà mọ́, báàgì á máa yọ̀ sórí ìdí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn báàgì tí wọ́n ń ta bẹ́lítì rẹ̀ lọ́tọ̀ tí èèyàn lè pààrọ̀.

Okùn èjìká oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bíi J, àti èyí tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì bíi S. Obìnrin tí ọyàn rẹ̀ tóbi àti ọkùnrin tí àyà rẹ̀ yọ á gbádùn S jù, torí ó ń yí àyà ká, kì í gun orí rẹ̀ kọjá.

Ètò wà nínú bí a ṣe ń gbé e kọ́. Ẹ dẹ gbogbo okùn. Bẹ́lítì ni kí ẹ kọ́kọ́ dè, kí àárín fóòmù rẹ̀ jókòó sórí egungun ìbàdí gan-an, ìdajì lókè, ìdajì nísàlẹ̀. Ẹ wá fa okùn èjìká títí á fi kan èjìká láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Okùn kékeré òkè èjìká tó ń fa orí báàgì mọ́ra ló tẹ̀ lé e, ìyẹn yẹ kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sókè láti èjìká lọ sára báàgì. Bó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ tàbí tó kọjú sísàlẹ̀, báàgì ti kúrú fún yín. Okùn àyà ló kẹ́yìn, kò sì gbọ́dọ̀ fún débi tí èémí ò fi ní lọ dáadáa.

Ara máa ń sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Bí ọwọ́ bá ń kú tàbí tí ìka ń ta ṣín-ín-ṣín-ín, okùn èjìká ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀, ẹ padà sí bẹ́lítì. Bí ìta itan bá kú bí ẹni pé kì í ṣe ara yín, bẹ́lítì ló fún jù tàbí ó wà nísàlẹ̀ jù. Bí awọ orí egungun ìbàdí bá bó, ẹ wo etí ṣòkòtò yín: ojú rírán tàbí ìkọ́ tó wà lábẹ́ bẹ́lítì ló sábà máa ń fà á.

Ní ti líítà, ẹ má gba iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan ń ka àpò ìta mọ́ ọn, àwọn kan kì í kà á. ULA Circuit, tó jẹ́ báàgì dáadáa, ni wọ́n ń pè ní líítà 68, bẹ́ẹ̀ àpò ńlá inú rẹ̀ gan-an kò ju bíi líítà 39 lọ. Àpò àwọ̀n iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn báàgì tí a lè nà ló pé e tó bẹ́ẹ̀. Fún òtútù oṣù kẹta, pẹ̀lú agolo béárì, líítà 55 sí 60 lápapọ̀ ni kí ẹ máa wá. Agolo BV500 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22, ó ga tó 32, nítorí náà ẹ gbé e dání lọ síbi tí ẹ ti ń dán báàgì wò. Nínú báàgì tóóró, òró nìkan ló lè dúró, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàárín, kó súnmọ́ ẹ̀yìn, kí aṣọ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá wà lókè pátápátá, á máa fà yín sẹ́yìn níbi gbogbo tí ẹ bá ti ń gun òkè.

Aṣọ tí wọ́n fi rán an: nínú náílọ́nù, nọ́ńbà tí lẹ́tà D tẹ̀ lé ni ìwúwo òwú. 210D túmọ̀ sí pé òwú náà tó gùn ní mítà 9,000 á wọn gíráàmù 210. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ìdí báàgì kò yẹ kó fẹ́lẹ́ ju 200D lọ, torí orí òkúta lẹ ó máa gbé e kà ní Pennsylvania. Dyneema Composite Fabric tí wọ́n ń pè ní Cuben Fiber tẹ́lẹ̀ fúyẹ́, omi kì í wọ ara aṣọ rẹ̀, kì í sì í fà. Àmọ́ ó wọ́n, ó lè lé ní dọ́là 300 dáadáa, bó bá sì ń fara ha nǹkan léraléra, awẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi ṣì ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé bó ti wù kí aṣọ dára tó. Ẹ má fi owó ra ìbòrí òjò tí wọ́n ń fi bo báàgì: kì í bo ẹ̀yìn tó kan ara yín, ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé nìyẹn, atẹ́gùn sì máa ń já a lọ. Ọ̀rá pàǹtí tó nípọn, tó wọn bíi gíráàmù 60, ni kí ẹ tẹ́ sínú báàgì. Àpò ìsùn àti aṣọ gbígbẹ wọ inú rẹ̀, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí báàgì náà padà, ẹ wo ibi tí okùn èjìká ti wọ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Ojú rírán ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dì gbagidi, kí òwú lọ kó bọ̀ lórí ara wọn bí etí ihò bọ́tìnì. Ẹ di okùn náà mú, ẹ fà á tagbáratagbára, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń là tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀pá alumíníọ́mù jókòó sí pẹ̀lú, torí ẹnu ọ̀pá máa ń lu aṣọ fẹ́lẹ́ jáde. Àpò àwọ̀n tó rọ̀ á ya nínú igbó rhododendron, igi kúkúrú tí ẹ̀ka rẹ̀ dí pọ̀, kí ẹ yan èyí tí àwọ̀n rẹ̀ le. Ẹ na ọwọ́ sí àpò ẹ̀gbẹ́ nígbà tí báàgì wà lẹ́yìn yín: bí ẹ ò bá lè yọ ìgò omi kí ẹ sì dá a padà láìsọ báàgì kalẹ̀, ẹ ò ní mu omi tó. Ìkọ́ ike bẹ́lítì kan tí kò nílò abẹ́rẹ́ láti fi sí, abẹ́rẹ́ nípọn kan àti òwú ìfọyín ti tó fún àtúnṣe lójú ọ̀nà. Òwú ìfọyín le ju òwú aránṣọ lọ.

Àwọ̀, ihò tí rọ́bà omi mímu ń gbà jáde, síìpù púpọ̀: ẹ má wulẹ̀ rò wọ́n. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Emma Gatewood, rin ọ̀nà yìí já lọ́dún 1955, lẹ́ni ọdún 67, pẹ̀lú àpò aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán tó ń gbé kọ́ èjìká kan. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé ẹrù inú àpò náà kéré gan-an. Ẹ̀yin tí ẹrù yín jẹ́ kílò méje, ohun tí màá rà ní ipò yín ni báàgì tó wọn gíráàmù 900 sí kílò 1.1, tó ní ọ̀pá lẹ́yìn, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ó lè gbé kílò 14 sí 16. Bí ẹ bá ti kọjá Mount Rogers ní Virginia tí òtútù sì ti lọ, tí ẹ fi aṣọ òtútù ránṣẹ́ sílé, ẹrù yín lè wá sí kílò márùn-ún. Nígbà náà, ẹ lè ronú nípa báàgì kékeré yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Hundred-Mile Wilderness ní Maine, tó jẹ́ kìlómítà 160, oúnjẹ ọjọ́ méje nìkan á tún tó kílò 5.6.

Bí ẹ bá sì ti rà á tó wá ń dùn yín, ẹ má fara dà á títí dé North Carolina. Ní Neel Gap, ilé olókùúta kan wà tí ọ̀nà gba abẹ́ òrùlé rẹ̀ kọjá, ṣọ́ọ̀bù ẹrù ìrìn sì ni. Ẹ lè tú ẹrù yín sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì fi èyí tí kò wúlò ránṣẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwọ̀n ẹ̀yìn yín, ìyípo ìbàdí yín àti àkọsílẹ̀ ẹrù náà pẹ̀lú gíráàmù wọn síbí ná, kí á bá yín wo ohun tó ṣeé yọ nínú kílò méje yẹn kí ẹ tó kúrò nílé.