Ọ̀fun Tó Ń Yún Yín Kì Í Ṣe Ẹjọ́ Bẹ́lúbẹ́lú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ó tó oṣù kan báyìí tí ọ̀fun ti ń yún mi, àárọ̀ ló sì máa ń le jù. Mo la ẹnu wo dígí, mo rí i pé bẹ́lúbẹ́lú mi pọ́n, ó sì gùn. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó máa ń gé e. Ọmọ mi ọlọ́dún méjì náà ń wúkọ́, mo fẹ́ kí wọ́n gé tiẹ̀ pọ̀ mọ́ tèmi. Kí ni ká lò kí ojú egbò tètè jinná?

Ìdáhùn: Ẹ má gé e. Ẹ má sì gbé ọmọ yẹn débẹ̀ rárá. N kò ní sọ̀rọ̀ egbò, torí kò yẹ kí egbò kankan wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Bẹ́lúbẹ́lú tí ẹ rí nínú dígí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí ẹ bá ń gbé nǹkan mì, òun àti ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu jọ máa ń gbéra sókè dí ọ̀nà imú, kí omi má baà gba imú jáde. Ó tún ń sun itọ́ tí kì í jẹ́ kí ọ̀fun gbẹ. Ohun tó bá ń dà ọ̀fun láàmú ló ń dà á láàmú: bí ọ̀fun bá wú, òun náà á wú, bí ọ̀fun bá rọ̀, á fà sókè padà. Ẹni tí wọ́n gé tiẹ̀ á ní ara òun yá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀fìnkìn tó ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ ló lọ. Tó bá jẹ́ pé eruku ló fa tiẹ̀, ọ̀fun á tún padà máa yún un, bẹ́lúbẹ́lú ni kò ní padà mọ́.

Wọ́n ti gbé ọmọ tí wọ́n gé bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ wá bá mi lóru. Ìyá rẹ̀ ti fi ìró nu ẹ̀jẹ̀ títí ìró fi rin gbingbin, ètè ọmọ ti funfun. Wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ti dá, àṣé ọmọ ń gbé e mì ni. Ẹ̀jẹ̀ la fà sí i lára. Irin tí wọ́n fi gé ti ẹni àná tún lè kó HIV, hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) tàbí tẹ́tánọ́ọ̀sì ranni. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé kéré. Bí ojú ọgbẹ́ bá wú, èémí lè má rí ọ̀nà gbà. Bí wọ́n bá gé e jù, ògì á máa gba imú ọmọ jáde.

Lóòótọ́, àwa dókítà máa ń gé díẹ̀ níbẹ̀ nígbà mìíràn, fún àwọn kan tí èémí wọn ń dúró lójú oorun. Iṣẹ́ abẹ inú ọsibítù nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀fun tó ń yún.

Tiyín tó ń le láàárọ̀, n kò lè fi ojú rí i láti ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n ikun imú tó ń ṣàn sẹ́yìn ọ̀fun lóru ni mo kọ́kọ́ fura sí. Eruku inú bẹ́ẹ̀dì, ọyẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti kóìlì ẹ̀fọn máa ń fà á. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà tán tó sùn lé e lórí, omi kíkan inú ikùn lè gòkè wá ta á lọ́fun. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá ń lo lisinopril tàbí ramipril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn náà lè fa ikọ́ gbígbẹ àti ọ̀fun yíyún. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún yín, á pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ po ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi fọ ọ̀fun, ẹ tu ú dànù. Oyin náà dára, àfi fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Loratadine 10 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ lè ran àgbàlagbà lọ́wọ́ bó bá jẹ́ ohun tí ara kọ̀ ló fà á. Ẹ bi apòògùn léèrè bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn. Ẹ má tú kápúsù Ampiclox dà sí ọ̀fun. Kẹrosíìnì ńkọ́? Májèlé ni.

Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú lẹ́yìn oúnjẹ, tí èémí ń há, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yin náà bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nítorí ikọ́ ife.

Ọmọ yín ló ká mi lára jù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má fún un ní oògùn ikọ́ àgbàlagbà, kí ẹ sì mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání.